Ọ̀nà Ẹ̀yìn Adágún

Aago mẹ́rin ìdájí, ní Kemijärvi.
Ojú ọ̀run pa dé bí ìkòkò tí a fi ọmọrí bò.
Afẹ́fẹ́ ń gbá òjò dídì lọ, ó ń gbá a bọ̀,
kò rí ibi tí yóò kó o dà sí.

Èmi Hilja jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mẹ́ta,
kọfí mi ti tutù.
Ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà lábẹ́ ìkáwọ́ mi,
kò sí ọmọ ènìyàn kan nínú wọn,
kò sí ẹni tí ń kọrin sí ara rẹ̀ létí
kí oorun má baà gbé e wọ igbó.

Mẹ́wàá ti sinmi. Mo ní kí wọ́n dúró sí ilé epo,
lábẹ́ iná, bí màlúù tí ń jẹ àpọ̀jẹ.
Búrẹ́dì ni wọ́n gbé, àti táyà, àti bàtà ọmọ iléèwé.
Bàtà lè dúró de ọ̀la.
Ìkọkànlá ló gbé oògùn àtọ̀gbẹ Urpo Jumisko,
oògùn tí kò gbọdọ̀ dì.

Ẹ̀rọ ní: gba orí yìnyín adágún,
yóò fi ogójì ìṣẹ́jú yá sí i.

Ẹ̀rọ mọ bí yìnyín ṣe nípọn tó lánàá.
Kò mọ bàbá mi,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógún gbé lẹ́tà kọjá níbẹ̀,
tí kì í ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó,
kó lè rí ibi bẹ́ sí.
Èyí tí kò ní awakọ̀ ńkọ́,
ta ni yóò bẹ́?
Àbùjá kan kò sí lórí omi tó dì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ yìí,
mo rò pé ọnà ni mò ń ṣe,
ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ lórí pátákó funfun.
Ọ̀nà ni. Ọ̀nà a máa pa ni.

Mo fà á gba ẹ̀yìn adágún, ọ̀nà gígùn,
níbi tí igi páínì ti ń gba afẹ́fẹ́ sáyà fún ẹni tí ń kọjá.

Ó rìn. Ó rìn.
Lẹ́bàá ibi ìlagi àtijọ́, ó dúró:
òjò dídì ti di í lójú.
Mo pe Inkeri Sarajärvi, tó ń fi katakata ro ojú pópó.
Kò bi mí ní ìdí. Ó ní, “Mò ń bọ̀.”
Mo rí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ńlá, aláwọ̀ ewé,
ó nu ojú ọkọ̀ náà bí ẹni ń nu ikun ọmọdé,
ó sì gbá a nídìí: ó yá, máa lọ.

Urpo tẹ̀ mí láago ní aago méje kù díẹ̀.
Oògùn dé, kò dì.
“Àmọ́ kò kí mi,” ló wí. “Bàbá rẹ a máa wọlé mu kọfí.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó pẹ́ ní wákàtí kan àbọ̀.
Ìdí: ojú ọjọ́.
Kò sí àyè lórí fọ́ọ̀mù náà
tí mo lè kọ Inkeri sí.