Ilé Kẹjọ

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni páìpù ńlá ti ń gba ẹ̀yìn Kuchibwa kọjá,
ó sanra bí ìtì ọ̀pẹ, ó ń ru omi lọ sí Maitama.
Lóru, wọ́n á máa gbọ́ ọ nínú ilẹ̀
bí ẹni tó ń jẹun ní yàrá kejì tí kò pè ọ́.
Wọ́n ní omi ò lọ́tàá.
Èmi Akínlàjà, oníṣẹ́ páìpù, ọmọ Ìkàrẹ́,
mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ó lọ́rẹ̀ẹ́?

Ìyá Ayenaje kì í fi orí ru nǹkan.
Èjìká ni àwọn Gbagyi fi ń rẹrù; orí, wọ́n ní, ọba ni,
a kì í di ẹrù lé ọba.
Mo rí èjìká ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá wọn ilẹ̀:
ó le, ó ń dán bí ìdí ìkòkò.
Odò tó wà ní máìlì méjì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò náà a di ihò nínú yanrìn,
obìnrin á dúró tì í, màlúù á dúró tì í,
kálukú ń wo ojú ẹnìkejì.

Àpáta ni ilẹ̀ ibẹ̀. Dígà mẹ́ta kán mọ́ wa lọ́wọ́.
Shekwolo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi Haúsá bi mí
bóyá omi mọ̀nà ni, àbí èèyàn ló ń tì í.
Mo ní láti òkè ló ti ń bọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń wá.
Ó ní, "Ìsàlẹ̀ làwa náà wà. Kí ló dé tí kò yà?"
Mo ń wá sípánà mi kiri. Ọwọ́ mi ló wà.

Ọjọ́ Jímọ̀ la ṣí i.
Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ jáde, ó wúkọ́,
lẹ́yìn náà omi pupa, omi ìpẹtà;
àwọn àgbà mirí: a ti mọ èyí.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lẹ́nu ẹ̀rọ
bí ẹni tó ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ó mọ́.
Ó mọ́ débi pé Shekwolo na ọwọ́ sínú garawa
kó lè mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀.
Ìyá Ayenaje kò mu ún. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fọ̀,
ó fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ọ́ lọ́rùn bí ọmọ tuntun.

Ilé méje lowó ká. Níwájú ilé kẹjọ mo dí ẹnu páìpù,
mo so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí n lè dá a mọ̀ tí mo bá padà.
Obìnrin ilé náà ò sọ nǹkan kan. Odò ló kọjú sí.

Lọ́sẹ̀ kejì mo kọjá, aago mẹ́rin ìdájí.
Ìyá Ayenaje jókòó sórí àpótí nídìí ẹ̀rọ.
"Ara mi ṣì ń jí lọ sódò," ó ní.
"Garawa ti kún kí n tó yán tán.
Kí ni kí n fi ìyókù òru yìí ṣe?"
Mi ò mọ̀ ọ́n.
Ó dìde, ó gbé garawa lé èjìká,
èjìká tó ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀,
mo gbọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn ilé kẹjọ.
Aṣọ pupa mi ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ń ṣá.