Yúrò Méjì fún Ajá

Ní ibùdó àgọ́ wa, létí odò Semois,
níbi tí omi ti ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ òkè
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, tó ń padà lọ wá a,
èmi Ghislaine ni mo ń kọ orúkọ àlejò.
Àgbàlagbà, yúrò mẹ́sàn-án. Ọmọdé, mẹ́rin.
Ajá, méjì.
Ológbò kò sí nínú ìwé, àmọ́ wọ́n ń dé.
Ọmọbìnrin kan láti Gent
gbé ìjàpá wá rí nínú bàtà òjò bàbá rẹ̀.
Mo ní kó máa wọlé.
Ìjàpá wo ló fẹ́ gbó lóru?

Anselme a máa dé ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún,
nínú ọkọ̀ tí àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò bá tèkejì mu.
Filou á ti yọ orí lójú fèrèsé,
ètè rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí a sá.
Ajá aláwọ̀ tábà gbígbẹ,
irú tábà tí bàbá mi máa ń so rọ̀ nínú ahéré pákó
nígbà tí wọ́n ṣì ń gbìn ín ní àfonífojì wa.
Kí olówó rẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀,
Filou ti bọ́ sódò, ó ti jáde,
ó ti gbọn ara rẹ̀ sí mi láṣọ.
Mo bú u títí. Ó gbà pé oríkì ni.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Filou gbọ́ fèrè, ó gbọ́ ìró agolo bisikíìtì
láti òdìkejì odò, fún ọdún mẹ́tàlá.
Etí ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀,
lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.
Lọ́dún tó kọjá Anselme gbé e gun òkè
bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ han ìyá àgbà,
ó gbé e kalẹ̀ lórí àpáta kó lè gbóòórùn igbó.
Imú ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún yìí, òjò ń ṣe wínníwínní.
Ó dé. Fèrèsé ọkọ̀ wà ní títì.
Ó dúró níwájú tábìlì mi, ó ní,
“Àgbàlagbà kan. Ajá kan.”
Ó ka yúrò mọ́kànlá sílẹ̀.
Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀.
Okùn ajá ló wé mọ́ ìka bí ẹni di ọgbẹ́.
Mo kọ ọ́: Ajá, ọ̀kan.
Mi ò dá yúrò méjì náà padà.
Bí mo bá dá a padà,
ta ni mo fẹ́ sọ pé kò wá?

Ó pàgọ́ síbi tó máa ń pa á sí,
lábẹ́ igi óákù tí àrá là.
Ó bu omi odò sínú abọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó,
ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.
Ilẹ̀ ṣú. Kùrukùru bo odò.
Àwọn ìmàdò ń fi imú tú ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún,
gbogbo ajá ibùdó gbó papọ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Ní ìdájí, mo ń yí kiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì
ni mo rí ọmọ ajá kan, ti àwọn ará Liège,
tó ti já okùn,
tó ki orí bọ abọ́ yẹn, tó ń lá omi
bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n pọn ọ́n fún.
Mo fẹ́ lé e. Òfin ni òfin.
Ni síìpù àgọ́ bá ṣí, ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́.
Ọwọ́ kan jáde. Kò kan ajá náà.
Abọ́ ló dì mú,
kó má bàa dojú dé.
Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ ó wá ra búrẹ́dì.
Ó ní kí ni wọ́n ń pe ajá àwọn ará Liège.
Mo ní Pistache.
“Irú orúkọ wo nìyẹn?”
Ó ra méjì.