Òkúta Inú Bàsíà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí mo bá wọn,
òròmọdìyẹ mẹ́ta nínú gárawà ọ̀dà,
wọ́n léfòó bí òwú tó bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ.
Omi ìfọṣọ ni. Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ síta.
Mọ́kànlá ni adìyẹ dúdú kó wọlé sùn lálẹ́ àná;
ó ń yí gárawà náà po, ó ń pè,
ó dákẹ́, ó fetí sílẹ̀, ó tún pè.
Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká rí i.
Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i.

Ìbídùnní jáde, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu:
"Màmá, ṣé wọn ò mọ̀wẹ̀ ni?"
Mo ní wọn ò mọ̀wẹ̀.
"Ta ló yẹ kó kọ́ wọn?"
Mo ní kó lọ múra ilé-ìwé.

Bàbá Ṣènàmì ń kan ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ilé wa,
níbi tí Ìwáyà ti ń di ọ̀sà.
Ègùn ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í pọ̀.
Ó wo òkú mẹ́ta nínú ewé, ó mi orí.
"Omi kọ́ ló pa wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ gárawà ni.
Kò síbi tí wọ́n ó fẹsẹ̀ tẹ̀."
Ó bu òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti po kọnkéré,
ó dà á sínú bàsíà mi tó ti bó lẹ́nu,
ó rọ omi sí i, ó dáwọ́ dúró
nígbà tó ku díẹ̀ kí omi bo orí òkúta.
"Kí wọ́n máa rí ilẹ̀ nínú omi."
Ó padà sídìí pákó ẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti di ẹ̀ṣọ́ omi.
Gárawà tí ò níṣẹ́, mo dojú ẹ̀ dé.
Ilẹ̀kùn àtijọ́ tí ikán jẹ lápá kan, òun ni mo fi bo kànga.
Omi tó bá sùn mọ́jú, mo ń dà á nù
kó má fún wọn ní ìgbẹ́ gbuuru.
Mo ti mọ bí ọ̀sà ṣe ń mí:
tó bá di oṣù kẹfà, òjò á tì í, òun náà á ti gọ́tà padà sí wa,
omi dúdú á yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé bí olè tó mọ ilé.
Mo gbé ilé adìyẹ gorí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin.
Lẹ́yìn òjò kejì, mo fi mẹ́rin mìíràn lé e.

Adìyẹ mumi tán, ó gbójú sókè.
Àwọn àgbà ní ọpẹ́ ló ń dá.
Èmi rò pé ojú òjò ló ń wò.

Sátidé kan, mo ka adìyẹ, ó pé.
Mo ka ọmọ, kò pé.
Mo gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sójú ẹrẹ̀,
mo ń pe Ìbídùnní,
mo dákẹ́, mo fetí sílẹ̀, mo tún pè.
Ìyàwó Akínbọ́bọ́lá tó ń yan ẹja rẹ́rìn-ín:
"Ìyá àgbà, ẹ ṣe ń ké bí olómọ báyìí?"

Mo rí i láàárín àwọn ọmọ Ṣènàmì,
omi dé e lọ́rùn,
ọwọ́ bàbá náà wà lábẹ́ ikùn ẹ̀.
Ọkùnrin yìí yọ ọwọ́.
Orí ọmọ rì.
Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ omi tòun ti bàtà.
Ó yọ. Ó tu omi iyọ̀ dànù.
Ó gbójú sókè.

N ò nà án. N ò yìn ín náà.
Tòun ti síkẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń kán sílẹ̀
ló bẹ̀rẹ̀ sídìí bàsíà,
ó ń tú ìkarahun jáde nínú àpò,
ó ń tò wọ́n sáàárín òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó ní funfun ni wọ́n,
wọn á rí i bí iná bá lọ.