Gbé Iyọ̀ Wá, Jọ̀wọ́

Ní Winnipeg, yìnyín ti gun fèrèsé wa dé ọrùn,
bọ́ọ̀sì kọ̀, kò wá, a jókòó ti ọbẹ̀ pupa rẹ̀.
Mo fọ ọ̀rọ̀ mi, mo fi ìpara kùn ún, mo wọṣọ fún un:
"Bábúlíà, ǹjẹ́ ó lè ṣeé ṣe,
bí kò bá ni ọ́ lára jù,
kí o bá mi gbé àwo iyọ̀ yẹn?"

Ìyá ìyá mi dá ṣíbí dúró lófuurufú.
"Ústíà, ta ló kú?
Ṣé báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tí o fi ń kọ lẹ́tà sí mi?
Sọ pé: gbé iyọ̀ wá, jọ̀wọ́. Ó tán."

Nínú èdè Rọ́ṣíà tirẹ̀, ìwọ ni à ń pe ẹni tó wẹ̀ fún wa,
ìwọ náà kì í sì í di ìwọ̀sí.
Àṣẹ kúkúrú lẹ́nu ọmọ
dà bí ìgbà tí ọmọ fa etí aṣọ ìyá.
Àlejò ló ni ọ̀rọ̀ gígùn.
Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ mi
láti máa yí ohun tí mo fẹ́ po
bí ẹni tó ń yẹra fún ajá tó sùn.

Ní Sátidé, mo wọ ìsọ̀ ẹja Neonila Arkadyevna,
arúgbó tó fi okùn so gíláàsì ojú kọ́rùn.
Mo ti kọ́gbọ́n. Mo sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé:
"Ìwọ, gbé ẹja wá, jọ̀wọ́."
Ìsọ̀ pa lọ́lọ́. Ẹja pàápàá wò mí.
Ọkùnrin kan húkọ́ sínú súwẹ́tà rẹ̀.

Ta ni ì bá kọ́ mi ní "ẹ̀yin"?
Èèyàn mẹ́ta péré ni mo ń bá sọ èdè yìí,
gbogbo wọn ló sì ti rí ìdí mi rí.

Neonila wé ẹja náà, ó fi ọ̀kan ṣe ènì.
"Ọmọọmọ Kapitolina ni ọ́. Ohùn rẹ̀ nìyẹn."

Ní oṣù Kejì, ní ọsibítù,
rọ́bà afẹ́fẹ́ wà ní ihò imú rẹ̀.
Ó wò mí títí,
ó wá wọ aṣọ mi fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀:
"Ústíà, ǹjẹ́ ó lè ṣeé ṣe,
bí kò bá ni ọ́ lára jù,
kí o di ọwọ́ mi mú?"

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.
Mo ní, "Gbé e wá."
Ọwọ́ náà tutù.
Mo gbàgbé jọ̀wọ́.