Oyèdòkun Lórí Omi

Ọyẹ́ ti gba Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ márùn-ún,
ètè mi là bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.
Mo jókòó sétí omi tí wọ́n sé lódò Ọbà,
ìwọ̀ mi wà nínú omi, ojú mi wà nínú fóònù.

Dòkun ló fi fídíò ránṣẹ́ láti Kánádà.
Mo kọ́kọ́ rò pé pápá ni,
pápá tí ẹnì kan da ẹfun sí títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀run.
Ó ní, "Bàámi, adágún lèyí o. Orí omi ni mo wà."
Mo pariwo. Ráímì ọlọ́kọ̀ sáré wá, ó rò pé ejò ni.

Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwọ̀ létí omi yìí gan-an,
tó máa ń kígbe bí ekòló bá lọ́ mọ́ ọn níka,
òun ló dúró sórí omi bí ẹni dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa.
Pétérù gbìyànjú ẹ̀ rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì.
Oyèdòkun la sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ,
a ní kí oyè ó di òkun.
Ta ló rò pé omi náà á di àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ó mú irin kan tó lọ́ bí ìwo àgbò,
ó ń yí i, yìnyín ń fọ́n jáde bí gààrí funfun,
ó ń yí i, irin wọlé tó gígùn apá mi
kí omi tó yọjú, dúdú,
bí ojú ẹni tí a jí lójú oorun.
Ihò náà ò ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ.
Ó sọ okùn sí i.
Ó jókòó lórí garawa ọ̀dà.
Ó dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ni mo dá mọ̀.
Aṣọ tó wọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n; irùngbọ̀n tí omi dì sí, mi ò mọ̀ ọ́n;
ṣùgbọ́n bó ṣe fi ìka kan ṣoṣo gbé okùn,
tó dẹ etí sápá òsì bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ògiri,
èmi ni mo fi hàn án, lọ́dún tó pé méje.

Wọ́n ní odò kì í kún bo ẹja lójú.
Yìnyín ńkọ́? Kí ni ẹja yẹn rí
nígbà tí ìmọ́lẹ̀ já lé e lórí
bí òrùlé tó jò?

Okùn fà. Dòkun dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú.
Ráímì ní, "Tú u! Tú u díẹ̀ fún un!"
bí ẹni pé ọmọ náà lè gbọ́.
Ẹja yọrí. Orí nìkan kún ihò.
Ara rẹ̀ rí tótòtó bí ìyẹ́ awó,
ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́ta.
Dòkun gbá a mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín, eyín ìyá rẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀.
Ó wá kúnlẹ̀ lórí omi, ó dá a padà.

Ó dá a padà!
Ráímì bú sẹ́rìn-ín, ó ní òtútù ti ba ọmọ mi lórí jẹ́.
Mo pè é, bí owó orí fóònù mi tilẹ̀ ń tán lọ.
Ó ní, "Bàámi, omi tútù kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dàgbà.
Ẹja yẹn lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Mi ò lè máa wo ojú ẹ̀gbọ́n mi kí n dà á sínú epo."
Mo ní, "Kí lo wá jẹ?"
Ó ní búrẹ́dì.

Ẹ̀yìn náà ni ìwọ̀ tèmi mì.
Àrọ̀ ni, kò gùn tó apá ọmọdé,
irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọyẹ́.
Mo wò ó. Ó wò mí.

Mo jẹ ẹ́ o. Èmi kì í ṣe ará Kánádà.
Ìyá Dòkun fi ata rodo sè é, ó dùn.
Ṣùgbọ́n orí rẹ̀, tí mo máa ń fọ́ jẹ kẹ́yìn,
mo fi í sílẹ̀ nínú àwo
títí iná fi lọ,
títí epo fi dì yí i ká.