Yìnyín Tó Yọ́ ní Tákíè

Ọjọ́ tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá họ́kì orí yìnyín,
góòlù mọ́kànlá ni wọ́n jù sáwọ̀n wa.
Mo ń gbé páálí kọ̀tẹ̀ lù mọ́lẹ̀ kó lè là,
fóònù mi fara ti òṣùwọ̀n,
mo ń wo Oyèdòkun àbúrò mi,
tí wọ́n dì bí ẹrù tó ń lọ Sábó,
tó ń bojú wẹ̀yìn wo àwọ̀n
bí ẹni tí olè ń wa iṣu rẹ̀ lójú ara rẹ̀.
Bùráímọ̀ tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní,
"Ta ló ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ inú fíríìsà?"
A rẹ́rìn-ín. Kò dénú.

Èmi mọ ẹni tó tì í mọ́bẹ̀.
Èmi ni.
Ìdérí fíríìsà wa tó já ni mo fún un
nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.
Àwọn ọmọ Òkè-Àdó a fi ẹ̀ka máńgòrò
gbá ìdérí agolo mílíìkì lórí ọ̀dà,
Dòkun a dúró láàárín òkúta méjì.
Kò sí yìnyín níbẹ̀.
Ẹni tó bá ṣubú, orúnkún rẹ̀ ni yóò ròyìn.
Ohunkóhun kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá,
àfi bí ìyá àgbà bá pè é wá jẹun,
tí wọ́n di apá òsì rẹ̀ mú, tí wọ́n wọ́ ọ wọlé.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ta ọ̀mì.
Ọjọ́ kẹta, a nà wọ́n, méjì sí òdo.
Àwọn wo? Orílẹ̀-èdè kan ni
tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀ kí ahọ́n mi má yọ̀.
Láti ìgbà náà, ẹni tó wá ra ẹja ẹyọ kan
á lo wákàtí kan lọ́dọ̀ mi.
Kò sẹ́ni tó mọ òfin eré náà.
Kí ló dé tí wọ́n fi ti èyí mọ́ àpótí fún ìṣẹ́jú méjì?
Bùráímọ̀ ní ó pariwo ní kíláàsì ni.

Alẹ́ àṣekágbá, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wa kò lè gbé méjì:
tẹlifíṣọ̀n ni, tàbí fíríìsà.
Páálí mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Owó àjọ ni.
Gbogbo ojú yí sí mi.
Mo yọ wáyà fíríìsà.

Yìnyín ń yọ́ lẹ́yìn mi,
àwọn ọmọ wa ń yọ̀ lórí yìnyín níwájú mi,
àwa náà ń yọ̀.
Nínú gbogbo rẹ̀, n kò mọ èyí tí n ó kó fún alájọ.

Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Omi ẹja ti wọ bàtà mi.
Ni róbà dúdú yẹn bá gba abẹ́ apá òsì Dòkun wọlé.
Apá òsì.
Ó dùbúlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde.

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó ṣe, Màmá Fẹ́yíṣàyọ̀ gbé abọ́ dìde:
"Èló lẹ máa ta ẹja tó ti dẹ̀ yìí?"
Ọjọ́ mẹ́ta ni àdúgbò wa fi rùn fún ẹja yíyan.
Mo ṣì ń san owó àjọ.

Ìgbà ọyẹ́ ló dé.
Ẹni tó ti inú yìnyín bọ̀, òtútù mú un,
ó wọ súwẹ́tà méjì.
Ó gbé róbà kan fún ìyá àgbà, dúdú, róbótó.
Lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé,
wọ́n fi kànrìnkàn bọ omi, wọ́n ń fi í ra róbà náà.
"Oyèdòkun, ọṣẹ tìrẹ yìí kì í hó ni?"
Ó lóṣòó síwájú wọn, ó la ọwọ́ méjèèjì.
Ó ní, "Ẹ má dúró, Màmá.
Kò ní í pẹ́ hó."