Yẹtí Kejì

Ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, ìṣẹ́jú àáyá kẹrin.
Mo ní kí Tìwálọlá dá a padà.
Ó dá a padà.
Lẹ́yìn ọ̀gá ọkọ̀ tuntun, lára ògiri irin,
níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní ìdí láti dé,
nǹkan kékeré kan rọ̀ lórí ìṣó, ó ń dán.
Àyà mi já, bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ oríkì ara rẹ̀
láàrin èrò tí kò mọ̀ ọ́n rí.
"Mọ́mì, nọ́ọ̀tù ni," ọmọ mi wí,
"nọ́ọ̀tù tí wọ́n gbàgbé."

N kò dá a lóhùn.
Mo ti padà sí Òkè-Àdó, mo wà ní kíláàsì karùn-ún,
òjò ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó lórí páànù wa,
a kò gbọ́ ohun tí àwọn ará inú ọkọ̀ ojú-ọ̀run ń sọ.
Ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé,
bí ẹja Ẹlẹ́yẹlé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè.
Òjò yẹn ló kọ́ bàbá mi ní wíwo ògiri.
Bí etí bá di, ojú a máa ṣe àṣekún iṣẹ́:
ife tí etí rẹ̀ ti kán, ilẹ̀kùn kẹta tó máa ń há,
àpá iná lára àga atukọ̀,
gbogbo rẹ̀ ni Bàbá ń kọ sínú ìwé ẹrù rélùwéè,
pẹ̀lú bírò pupa tí wọ́n mú wálé láti ọ́fíìsì Dùgbẹ̀:
ọjọ́, wákàtí, "wo ojú-ewé kejìlélógún,"
àfi bí ẹni pé ọkọ̀ náà yóò gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan
kí ẹnìkan sì bèèrè pé ẹrù ta ni èyí.

Bàbá mọ ọ̀gá ọkọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì sin mẹ́ta.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni obìnrin elétí kan,
tó ṣílẹ̀kùn, tó bọ́ sínú òkùnkùn kí àwọn yòókù lè yè.
Yẹtí kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì.
Bàbá kọ ọ́: "Yẹtí. Funfun, bóyá. Ìkejì dà?"
Bóyá, torí tẹlifíṣàn wa kò mọ àwọ̀ kankan.
Ìyá mi ní, "Bàbá Àrìnpé,
obìnrin tí kò ní ju etí kan lọ,
kí ló fẹ́ fi yẹtí méjì ṣe?"
Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọn kò pa á rẹ́.

Ọdún ti gorí ọdún. Òṣèré ti pààrọ̀, ọkọ̀ ti pààrọ̀,
àwọn tó kọ́kọ́ hun ìtàn náà ti kú tàbí kí wọ́n ti bínú lọ,
àwọn tó ń hun ún báyìí kò tíì heyín nígbà náà.
Síbẹ̀, ẹnìkan nínú wọn wo ògiri tó ṣófo,
ó sì rántí.
Tàbí ẹnìkan gbàgbé nọ́ọ̀tù.

Mi ò mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rí Bàbá
lára ọkùnrin tó ń sọdá títì ní Mọ́kọ́lá:
fìlà wọn, bí èjìká òsì wọn ṣe rẹlẹ̀.
Màá sáré bá a, á yíjú, á di ẹlòmíràn
tó ń wá ọkọ̀ Sángo.
Ta ló fi ìyẹn síbẹ̀?

Àwòrán dúró gbọn-in. Tìwálọlá dìde,
ó fi oríkèé ìka méjì kan dẹ́kódà lórí, kò, kò,
ó sinmi díẹ̀, ó tún kan án lẹ́ẹ̀kan.
Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bí i.
Ẹkún gbọ̀n mí. Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Ìwé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀.
Mo wá bírò pupa tì, dúdú ni mo rí.
"Ìṣẹ́jú kọkàndínlógún. Yẹtí kejì.
Pupa ni, Bàbá."
Tìwálọlá gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wínníwínní:
"Tàbí nọ́ọ̀tù."